Wọ́n Ti Pa Iṣan Eyín Náà, Ta Ló Wá Ń Ké Nínú Ẹnu Mi?

Ní alẹ́ Sátidé kan, tàǹtí mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìdajì ohùn náà, ìkérora ni. "Ọmọ mi, dókítà eyín ní òun ti pa iṣan rẹ̀. Mo sanwó. Mo jókòó lórí àga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo la ẹnu títí párì fi fẹ́ yẹ̀. Bí eyín yìí bá ti kú lóòótọ́, ta ló wá ń ké nínú ẹnu mi láti àná?"

Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ló sọ. Ohun tí a bá ti pa, a kì í retí pé kó tún sunkún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ irú ìbéèrè yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: ọkùnrin kan láti Kétu tó gbà pé wọ́n ti fi owó òun ṣòfò, ìyá kan ní Ṣábẹ̀ẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n yọ eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́jú dànù ní ọjọ́ kẹta péré. Èmi fúnra mi ti ṣe ìtọ́jú yìí rí, mo sì mọ ẹ̀rù tó máa ń ba èèyàn ní òru ọjọ́ kejì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní èdè wa, kí ẹni tó wà nínú irora lè mọ èyí tó yẹ kó fara dà àti èyí tó yẹ kó tìtorí ẹ̀ sáré bá dókítà.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an bí wọ́n bá ní àwọn pa iṣan eyín?

Inú èdè Faransé ni orúkọ náà ti wá. Àwọn dókítà wa ń pè é ní dévitalisation, àwọn ará ìlú tó gbọ́ Faransé ní wọ́n ti pa "nerf" eyín, àwa náà wá ń sọ ọ́ ní Yorùbá pé wọ́n pa iṣan. Ní tèmi, ìtọ́jú gbòǹgbò eyín ni orúkọ tó bá a mu jù, torí inú gbòǹgbò ni gbogbo iṣẹ́ náà wà.

Òde eyín le, ó le ju egungun lọ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ní ihò, bí inú egungun ẹran ṣe ní mùdùnmúdùn. Mùdùnmúdùn eyín rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Láti orí eyín ni ihò náà ti ń lọ sísàlẹ̀ títí dé ṣóńṣó gbòǹgbò. Eyín iwájú sábà máa ń ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ sábà máa ń ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn mìíràn sì tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ bí ọ̀nà oko.

Bí kòkòrò bá jẹ eyín títí ó fi dé mùdùnmúdùn, ibẹ̀ á wú. Kòkòrò tí mo wí yìí kì í ṣe ìdin o. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ṣúgà nínú ẹnu wa ni. Omi kíkan tó ń jáde lára wọn ló ń jẹ eyín. Ara tó bá wú níbòmíràn a máa rí àyè fẹ̀ sí, ṣùgbọ́n inú eyín kò láyè, ògiri líle ló yí i ká. Ìyẹn ló ń fa irora tí kì í jẹ́ kí èèyàn fojú kan oorun. Bó bá pẹ́, mùdùnmúdùn náà á kú, á rà, ìdọ̀tí rẹ̀ á sì máa gba ṣóńṣó gbòǹgbò jáde sínú egungun àgbọ̀n.

Dókítà á kọ́kọ́ gún yín lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú, á lu ihò kékeré sórí eyín, á sì fi àwọn irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tí ara wọn rí ṣákaṣàka, ha ohun tó ti bàjẹ́ jáde. Á máa fi omi fọ inú rẹ̀ léraléra. Ẹ ó gbọ́ òórùn kan tí ẹ mọ̀ dáadáa: òórùn omi Javel tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Òun náà ni lóòótọ́, wọ́n kàn pò ó ní ìwọ̀n tó yẹ fún iṣẹ́ eyín ni, kó lè pa kòkòrò. Nígbà tí inú gbòǹgbò bá mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n á fi ohun kan dí i tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó tinrín bí ọwọ̀ kan ṣoṣo. Oje igi kan tó ń hù ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni wọ́n fi ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dí orí eyín, nígbà mìíràn pẹ̀lú ohun ìdí onígbà díẹ̀ tí a mọ̀ sí pansement.

Eyín tó ti kú, ibo ni irora rẹ̀ ti ń wá?

Ìdí eyín ló ti ń wá, ibi tí wọ́n rì í mọ́.

Gbòǹgbò eyín kò lẹ̀ mọ́ egungun àgbọ̀n ní tààrà. Àwọn okùn tín-ín-rín, tí ojú lásán kò lè kà, ló so ó mọ́ egungun yíká. Àwọn okùn wọ̀nyí wà láàyè. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tiwọn, wọ́n ní iṣan tiwọn. Bí ẹ bá ń jẹ ìrẹsì tí ẹ̀yin ṣàdédé dáwọ́ dúró torí pé òkúta kékeré kan wà níbẹ̀, àwọn ló ta yín lólobó. Dókítà kò pa iṣan tiwọn, kò sì yẹ kó pa á. Nítorí náà, eyín tí wọ́n ti fọ inú rẹ̀ mọ́ ṣì lè máa ro yín láti ìdí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan kò kù nínú rẹ̀ tó lè mọ irora.

Gbogbo wa la ti yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ rí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tú u, ẹ rí i tó jáde, ẹ tún fi hàn ará ilé. Ṣé ẹsẹ̀ náà kò ro yín mọ́ lọ́jọ́ kejì? Ó ń ro. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó tiro. Ẹ̀gún ti lọ, ṣùgbọ́n ara tí ẹ̀gún gún, tí abẹ́rẹ́ sì tún tú, kò tíì jinná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti eyín. Irin dókítà ti dé ìtòsí ṣóńṣó gbòǹgbò. Ìdọ̀tí díẹ̀ lè gba ibẹ̀ yọ sínú ara, tàbí omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Egungun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì lè ti wú kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá, wíwú náà kò sì lè rọlẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, tó sì máa ń fa ìjà láàárín aláìsàn àti dókítà: eyín tí kò ro wọ́n tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé nínú rádíò ni wọ́n ti rí i pé inú rẹ̀ ti kú, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ kàn án. Rádíò tí mo wí ni fọ́tò tí wọ́n fi ń wo egungun. Ẹ má kánjú pe dókítà náà lólè. Àwọn kòkòrò àti ara ti ń bá ara wọn gbé pẹ̀sẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni. Nígbà tí irin wọlé, àlàáfíà náà dàrú. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni yóò rọlẹ̀.

Àmì kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ pé inú eyín kọ́ ni irora ti ń wá. Eyín tí wọ́n ti fọ gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ kò lè mọ omi tútù mọ́. Bí omi tútù bá ta yín gìrì, bóyá eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, tàbí kí ọ̀nà gbòǹgbò kan ṣẹ́ kù tí dókítà kò rí. Ẹ rántí àmì yìí, ẹ sọ ọ́ fún un. Yóò ràn án lọ́wọ́ ju kí ẹ kàn sọ pé "ó ń ro mí" lọ.

Ọjọ́ mélòó ni irora náà yẹ kó lò?

Ní 2011, àwọn olùwádìí méjì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 81 nínú 100 aláìsàn ló ní irora. Nígbà tó pé ọjọ́ kan lẹ́yìn ìtọ́jú, wọ́n ti dín kù sí 40. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, 11 ló kù. Ẹ wo nọ́ńbà àárín yẹn dáadáa: èèyàn mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ṣì ń jẹ̀rora lọ́jọ́ kejì. Tàǹtí mi rò pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ṣubú lù.

Ọjọ́ kìíní àti ọjọ́ kejì ló sábà máa ń le jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kó máa relé. Pé ibẹ̀ ṣì ń dunni díẹ̀ bí a bá fi jẹun, ìyẹn lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kò sì burú, bó bá sáà ti ń dín kù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù lọ nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé kí ẹ má wo bí irora ti tóbi tó nìkan. Ẹ wo ibi tó dojú kọ. Irora tó le lọ́jọ́ kìíní, tó dín kù lọ́jọ́ kejì, tó tún dín lọ́jọ́ kẹta, ó ń lọ nìyẹn. Irora tí kò tó nǹkan lọ́jọ́ kìíní, tó wá ń pọ̀ sí i ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, ó ń bọ̀ ni, òun ló sì léwu jù. Ẹ fún un ní nọ́ńbà láti orí òdo dé mẹ́wàá, ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi: 6, 7, 5, 4, 2, 2, 1. Ní òru tí mo kọ 7 yẹn, mo búra pé ní kùtùkùtù ni n ó gun zémidjan lọ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́. Nọ́ńbà àárọ̀ ló mú mi jókòó.

Kí ni mo lè ṣe nílé?

Oògùn ìrora tó wọ́pọ̀ tó sì ń ṣiṣẹ́ fún irú èyí ni paracétamol àti ibuprofène. Fún àgbàlagbà tí kò ní àìsàn mìíràn, paracétamol gíráàmù kan, ìyẹn hóró mílígíráàmù 500 méjì, ní ẹ̀ẹ̀kan, kó tó wákàtí mẹ́fà kí ẹ tó tún lo òmíràn, kó má sì kọjá gíráàmù 3 lójúmọ́ bí dókítà kò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ibuprofène mílígíráàmù 400 ní ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má kọjá mílígíráàmù 1200 lójúmọ́. Méjèèjì ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ọ̀nà tí kálukú ń gbà pa irora yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó fọwọ́ kan ibuprofène. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí ikọ́ fée rẹ̀ máa ń dìde bó bá lo áspírìn, kí ó béèrè ná. Aláboyún tó ti wọ oṣù kẹfà kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Kódà ṣáájú ìgbà náà, kó má lò ó láìbéèrè. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bá sì ti ń wú, ẹ má fi ibuprofène bò ó mọ́lẹ̀ láìfi han dókítà. Ní 2019, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Faransé kìlọ̀ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè mú kí àwọn àrùn tí kòkòrò ń fà kan burú sí i. Ẹ tún ṣọ́ra fún paracétamol tó fara pamọ́. Efferalgan, paracétamol ni. Doliprane, paracétamol ni. Ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, ó wà nínú wọn. Mo mọ ẹni tó ń lo mẹ́ta pọ̀ tó rò pé oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń san gbèsè irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Fàmásí ni kí ẹ ti rà á, ẹ jọ̀wọ́. Mo mọ̀ pé ti orí àtẹ ọjà rọjú, ẹni tó ń tà á sì lè jẹ́ aládùúgbò yín. Kò ṣàdédé jẹ́ pé ìjọba wọ ọjà Adjégounlè ní Kútọnu ní 2017 tí wọ́n kó oògùn rẹpẹtẹ níbẹ̀. Oògùn tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ dalẹ́, tí a kò mọ ẹni tó ṣe é, ẹ má fi pa irora òru.

Amoxicilline tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí ọmọ yín ṣàìsàn ńkọ́? Ẹ gbé e síbẹ̀. Oògùn tó ń pa kòkòrò kì í pa irora. Bí ara bá kàn wú nítorí iṣẹ́ dókítà, kò sí ohun tí amoxicilline máa ṣe fún un. Ìgbà tí àrùn bá ti ń tàn kálẹ̀, tí ojú wú tàbí tí ibà wọlé, ni dókítà máa ń kọ ọ́.

Sódàbì, ọtí líle wa, wá ńkọ́, tí àwọn bàbá wa máa ń dì sẹ́nu? Ó ń bó ẹran ìdí eyín, ẹni tó bá sì gbé e mì mọ́ paracétamol ń fìyà jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Áspírìn tí wọ́n ń lọ̀ sí ìdí eyín, bákan náà: ó ń jó ẹran ibẹ̀ funfun bí ẹni fi iná jó o. Ti kànáfùrù yàtọ̀ díẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó wà nínú òróró rẹ̀ tó ń mú eyín kú, àwọn dókítà eyín pàápàá ń lò ó nínú iṣẹ́ wọn. Àmọ́ inú ihò eyín tó ṣí sílẹ̀ ló ti wúlò. Eyín tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n sì ti dí pa, kò sí ibi tí kànáfùrù máa gbà dé ìdí gbòǹgbò tó ń dunni.

Ohun tó rọrùn tó sì ń ranni lọ́wọ́ kò pọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú ife kan, ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi yọ ẹnu jẹ́jẹ́, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ. Omi inú ọ̀rá tó ti dì, kí ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti ìta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ gbé e kúrò, kí ẹ tún gbé e padà. Ní alẹ́, ẹ fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè; bí orí bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ máa ń wọ́ síbẹ̀, eyín á sì máa lù kìkìkì. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì jẹun. Àkàsà, ọ̀gì, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, ó dára. Kúlíkúlí Agonlin, eegun àti ẹ̀kùrọ́ kò tíì kàn, orín líle náà kò sì gbọdọ̀ kan eyín yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má torí irora fi í sílẹ̀ láìfọ̀: búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ọwọ́ pẹ̀lẹ́.

Bó bá jẹ́ ìgbà tí mo bá pa eyín dé nìkan ló ń ro ńkọ́?

Èyí ni ti tàǹtí mi gan-an, òun sì ni mo fẹ́ràn láti ṣàlàyé jù, torí pé kékeré ni ohun tó ń fà á, ìyà rẹ̀ sì pọ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, irora tó ń dá ro láìfọwọ́ kàn ti lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti jẹ nǹkan, àní kó kàn gbé itọ́ mì kí eyín òkè kan tìsàlẹ̀, á fò sókè. "Ó dà bí ẹni pé eyín yẹn ga ju àwọn yòókù lọ," bó ṣe wí nìyẹn. Mo ní, "Tàǹtí, ó ṣeé ṣe kó ga lóòótọ́."

Nígbà tí dókítà bá ń dí eyín, ẹnu aláìsàn ṣì kú, kò lè mọ̀ bóyá ohun ìdí náà ga díẹ̀. Ohun tó ga ju bó ti yẹ lọ lè má nípọn ju fọ́nrán irun bíi mélòó kan. Ó tó. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kan sínú bàtà kí ẹ rìn láti Ouando dé ààfin: òkúta kò tóbi, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣísẹ̀ ló ń gún yín níbì kan náà. Gbogbo ìgbà tí ẹnu bá pa dé, eyín tó ga yìí ló ń kọ́kọ́ gba ẹrù, àwọn okùn ìdí rẹ̀ tó ti wú tẹ́lẹ̀ kò sì rí ìsinmi. Kò sí oògùn tó máa wo èyí sàn. Dókítà tó dí eyín náà ló máa gé e kúrú.

Mo bá a lọ. Dókítà náà mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ búlúù kan, ó fi sáàárín eyín, ó ní kó pa ẹnu dé, kó máa gé e pọ̀ ní tẹ́ẹ́tẹ́ẹ́, kó sì máa fa eyín sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí tàǹtí la ẹnu, mo yọjú wò ó. Lórí àwọn eyín yòókù, àmì búlúù náà fẹ́rẹ̀ má hàn. Lórí eyín tí wọ́n tọ́jú, ní igun kan ṣoṣo, ó dúdú kirikiri bí ẹni fi bíìkì tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni dókítà fi ẹ̀rọ kàn, ó dún wíín, ó dáwọ́ dúró, ó tún fi bébà sí i, ó tún fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò gún un lábẹ́rẹ́, kò sì gba owó. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé òun ti fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹ àkàrà.

Tí irú èyí bá ń ṣe yín, ẹ má fara da á fún oṣù kan tìtorí ìtìjú. Eyín tó ga tí a ń fi jẹun lójoojúmọ́ lè sán, eyín tó bá sì sán wọ gbòǹgbò kì í sábà ṣeé tún ṣe.

Nígbà wo ni kí n padà sọ́dọ̀ dókítà, nígbà wo ni n kò gbọdọ̀ dúró rárá?

Bí irora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, bí oògùn tí mo dárúkọ kò bá ràn án, bí ohun ìdí onígbà díẹ̀ bá já bọ́, bí kókó kékeré bá yọ lára ẹran ìdí eyín tí ọyún ń ti ibẹ̀ jáde, ẹ padà lọ. Ti ohun ìdí tó já bọ́ yìí, àwọn èèyàn kì í kà á sí. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ yẹn. Itọ́ á wọlé, kòkòrò á bá a wọlé, iṣẹ́ tí ẹ ti sanwó rẹ̀ á bàjẹ́.

Àwọn mìíràn kò gba kí ilẹ̀ mọ́: wíwú tó ń lọ sókè sí ojú tàbí sísàlẹ̀ sí ọrùn, ẹnu tí kò ṣeé là mọ́, ìṣòro láti gbé itọ́ mì tàbí láti mí, ibà pẹ̀lú ojú wíwú. Ẹ wá ilé ìwòsàn ńlá tó súnmọ́ yín jù lóru náà, ìbáà ṣe ti Ouémé-Plateau ní Àjàṣẹ́. Ẹ má dúró de dókítà eyín kan tó máa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Àrùn eyín tó bá sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ahọ́n àti ọrùn lè dí ọ̀nà èémí, ó sì ti pa èèyàn rí.

Fún àwọn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, láti Kétu gba Pobè àti Sakété, tàbí láti Ṣábẹ̀ẹ́, kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ gba nọ́ńbà fóònù. Ẹ bi í léèrè: ọ̀nà gbòǹgbò mélòó lẹ rí nínú eyín yìí? Ṣé ẹ ti parí gbogbo wọn àbí n ó tún padà wá? Ṣé onígbà díẹ̀ ni ohun tí ẹ fi dí i, ọjọ́ wo ló sì gbọ́dọ̀ kúrò? Kí ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí irora bá dé lóru, dókítà èyíkéyìí tó bá rí ìwé yẹn ti mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ sí.

Ó ti pé ọdún kan, ó tún wá bẹ̀rẹ̀. Kí ló fà á?

Èyí kì í ṣe irora ojú ẹ̀gún mọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀nà gbòǹgbò kan tí wọn kò rí nígbà yẹn, eyín tó sán, tàbí ohun ìdí tó ti ń jò. Wọ́n lè tún gbòǹgbò náà fọ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, wọ́n lè gba inú ẹran ìdí eyín gé ṣóńṣó rẹ̀ tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Rádíò ni wọ́n fi ń mọ èyí tó kàn.

Ó sì lè má jẹ́ eyín yẹn rárá. Ọpọlọ kì í sábà mọ eyín òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ bí irora bá dé, nítorí náà eyín tí a ń tọ́ka sí lè jẹ́ aláìṣẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí imú gbogbo ayé dí, ẹ máa kíyè sí eyín òkè ẹ̀yìn. Gbòǹgbò wọn súnmọ́ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Bí ihò yẹn bá wú, eyín mẹ́ta mẹ́rin lè máa ro pọ̀, pàápàá bí ẹ bá tẹríba. Imú ni kí ẹ tọ́jú nígbà náà.

Ṣé kò sàn kí wọ́n kúkú yọ ọ́?

Ìbéèrè yìí ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí òru ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń bi í, nígbà tí kò sí ẹni tó yẹ kó pinnu nǹkan kan. Ní 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí eyín tó lé ní mílíọ̀nù 1.4 tí wọ́n ti tọ́jú gbòǹgbò wọn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, 97 nínú 100 ṣì wà lẹ́nu àwọn tó ni wọ́n. N kò sọ pé bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń rí owó parí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé eyín tí wọ́n tọ́jú parí lè pẹ́.

Ibi tí tiwa ti ń bàjẹ́ ni pé irora á lọ, a ò ní padà lọ parí rẹ̀. Eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ti lu orí rẹ̀, tí wọ́n sì ti kó inú rẹ̀, kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Adé ló nílò, èyí tí Faransé ń pè ní couronne, láti dì í mú kó má baà là sí méjì lórí eegun. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Ẹni tó bá sì yọ eyín náà, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè máa tẹ̀ sínú àlàfo, èyí tó dojú kọ ọ́ lè máa yọ gùn, owó tí yóò fi dí àlàfo náà bó bá yá sì sábà máa ń ju owó adé lọ.

Tàǹtí mi ti ní kí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ èsúsú rẹ̀ ní Ouando jẹ́ kí òun kó owó oṣù tó ń bọ̀ ṣáájú ẹni tó kàn. Ó la ẹnu fi eyín náà hàn wọ́n níbi ìpàdé. Ẹni tó kàn yẹn wò ó, ó sì gbà.